Ẹgbẹ́ Tí Kò Ní Èèyàn

"Ẹ má dá wọn lóhùn," ni nọ́ọ̀sì wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ká aṣọ ìbora. "Màmá Tíṣà ni. Aago tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣeré."

Lójú kọ̀ǹpútà, iná pupa yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá ń tàn, ó ń kú. Obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀, tí gbogbo ilé ìtọ́jú arúgbó náà ń pè ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ará ibẹ̀. Wọ́n pè é wá tún ojú-ewé tí aago ti ń hàn lórí kọ̀ǹpútà ṣe ni. Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni gbogbo nọ́ọ̀sì fi ń wọlé síbẹ̀ látọjọ́ yìí. Bí aago bá dún tí ẹnikẹ́ni kò lọ, kò sẹ́ni tó lè sọ pé lágbájá ló rí i. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí oníkálukú máa fi orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ẹnu ọ̀nà kan fún ohun gbogbo. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá fi èèyàn sí nínú kọ̀ǹpútà ni yóò sì sọ yàrá tí aago rẹ̀ máa hàn sí i.

Ó dìde, ó lọ wo màmá náà fúnra rẹ̀.

"Fèrèsé ni mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ṣí," ni Màmá Tíṣà wí. "Ṣé ìwọ ni nọ́ọ̀sì tuntun?"

"Rárá o, mà. Kọ̀ǹpútà ni mo wá tún ṣe."

"Ó dáa náà. Jókòó díẹ̀, ọmọ mi. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Tèmi wà lókè òkun. Bọ́tìnnì aago yìí ni mò ń mu."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pa Àǹtí Kọ̀ǹpútà lẹ́rìn-ín. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbélé, ilé náà sì dákẹ́ débi pé bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ariwo fíríìjì ló máa ń kí i káàbọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Màdáámù tó ni ilé náà pè é sí ọ́fíìsì.

"Yàrá ẹ̀yìn mẹ́ta yẹn, Màmá Tíṣà, Bàbá Télọ̀ àti ìyá afọ́jú yẹn, yọ wọ́n kúrò lójú àwọn nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ò pọ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn tí ọmọ wọn ń wá wò wọ́n ni kí wọ́n máa sáré lọ bá. Ta ló ń béèrè àwọn ará ẹ̀yìn?"

"Bí wọ́n bá tẹ aago ńkọ́, mà?"

"Á máa dún létí wọn. Ọkàn wọn á balẹ̀. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́?"

"Mà, kò sí yàrá tó lè wà láìsí nínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ ò sì lè wà láìní èèyàn. Kọ̀ǹpútà ò ní gbà."

"Ìyẹn náà lo ń rò? Fi orúkọ ara rẹ sí i, jàre."

Bámúbámú ni Màdáámù yó, kò mọ̀ pé ebi ń pa ọmọ ẹnìkankan. Àǹtí Kọ̀ǹpútà sì rò ó pé bí òun bá kọ̀, wọ́n á pe ẹlòmíràn tí kò ní bojú wò wọ́n rárá. Ó kéré tán, ojú tòun á wà níbẹ̀. Àwáwí tó dára ni. Irú rẹ̀ kì í wọ́n lọ́wọ́ èèyàn rere. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀, iná pupa a tàn lórí fóònù rẹ̀ nílé. Òun a sì pe nọ́ọ̀sì, a bẹ̀ ẹ́ kó lọ wo yàrá ẹ̀yìn. Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀sì a gbé fóònù sí Màmá Tíṣà létí.

"Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?"

"Mo ti jẹun, mà." Oúnjẹ náà a sì máa tutù níwájú rẹ̀.

Kò sẹ́lòmíràn tó ń wá a. Kò pẹ́ tó fi di pé òun gan-an ló ń retí iná pupa náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, iná yàrá Màmá Tíṣà tàn, kò kú. Ó pe fóònù ilé ìtọ́jú títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó wọ bàtà, ó lọ.

"Wọn ò gba àlejò lónìí," ni ọlọ́dẹ ẹnu géètì wí.

"Màmá kan ń tẹ aago ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe nọ́ọ̀sì."

"Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí wà lọ́dọ̀ àwọn ará yàrá iwájú. Kí lẹ jẹ́ sí màmá náà?"

Kò lè pe ara rẹ̀ lọ́mọ, kò lè pe ara rẹ̀ ní mọ̀lẹ́bí.

"Mi ò jẹ́ nǹkan kan sí wọn."

"Ẹ padà wá lọ́la nígbà yẹn."

Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ títí oòrùn fi wọ̀, lẹ́yìn náà ó padà sílé.

Nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti bá Màmá Tíṣà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ti dákẹ́. Wáyà bọ́tìnnì aago ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà lókè òkun ti dé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Àǹtí Kọ̀ǹpútà sí ọ́fíìsì. Màdáámù yí ojú kọ̀ǹpútà sí àlejò rẹ̀.

"Ohun gbogbo ló lórúkọ nínú ilé yìí báyìí, sà. Aago yẹn ò dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kankan. Ẹnì kan ṣoṣo ló rí i. Òun nìyí."

Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n fún ẹkún. "Ìwọ lo rí i?"

"Èmi ni."

"Gbogbo ọ̀sán yẹn?"

"Gbogbo ọ̀sán yẹn, sà."

"Kí ló wá dé tí o ò wọlé lọ bá ìyá mi?"

Fóònù gbọ̀n nínú báàgì Àǹtí Kọ̀ǹpútà. Ó yọ ọ́, ó wò ó.

"Bàbá Télọ̀ ni," ló wí. "Aago wọn ló ń dún."

"Pa fóònù yẹn, ọ̀rọ̀ ń lọ," ni Màdáámù wí. Nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo ojú ọ̀gá rẹ̀, kò kúrò lójú kan.

Àǹtí Kọ̀ǹpútà dìde.

"Jókòó!" ni ọmọ Màmá Tíṣà wí, ó sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. "O ò tíì dá mi lóhùn."