Ọkọ̀ Tó Ń Tẹ̀lé Ti Iwájú

Ọkọ̀ náà dúró fúnra rẹ̀. Ọlátúbọ̀sún kò tẹ bíréèkì, kò tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi tó tẹ́ ẹ sí. Ìdí típà tó kó yanrìn ló kún gíláàsì iwájú, omi ń kán láti ara yanrìn tútù náà sórí ọ̀dà. Bí ọkọ̀ ṣe mọ̀ pé típà ti dúró, òun náà dúró jẹ́ẹ́, bí ọmọ tí wọ́n fi ojú bá wí. Típà sún díẹ̀. Ọkọ̀ sún díẹ̀. Típà tún dúró, ọkọ̀ dúró.

Ọ̀nà Ìjan ni wọ́n wà, níbi tó ti ń wọ Adó. Àwọn tó tò fún epo níwájú iléepo kan ti gba ìdajì títì, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì ti gba ìyókù. Iṣu tí wọ́n wà lóko láàárọ̀ ló kún bùùtù. Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, jókòó tì í lápá ọ̀tún, ó fi orí ti gíláàsì. Oòrùn mú.

Láyé àtijọ́, irú ìdúró báyìí ì bá ti bí Ọlátúbọ̀sún nínú. Awakọ̀ ni láti ìgbà èwe rẹ̀. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì láti Adó dé Kàdúná, nínú òjò, nínú ọyẹ́, kò sì fọwọ́ kan adìyẹ ẹnìkan rí. Àwọn èrò a máa jẹ́ kí bọ́ọ̀sì mìíràn kún kó lọ, wọ́n á ní ti Bọ̀sún ni àwọn ń dúró dè. Orúkọ rere tó ní láyé, ìdí sìtíárìn ló ti rí i.

Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni Olúwarótìmí, ọmọ wọn tó wà ní Ìbàdàn, gbé ọkọ̀ tòkunbọ̀ yìí wá fún un. Ó jókòó tì í, ó fi bọ́tìnì kan hàn án lára sìtíárìn. Ó ní bí bàbá òun bá ti tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á máa wo ti iwájú, á dúró bó bá dúró, á lọ bó bá lọ, orúnkún á sì sinmi. Ó wá kìlọ̀ pé ti iwájú nìkan ni ọkọ̀ náà mọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ, ojú awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ rí i. Ọlátúbọ̀sún ní òun ti gbọ́.

Ohun tí kò sọ fún ọmọ, tí kò sì sọ fún ìyá ọmọ, ni pé ojú òun ń lọ. Kò lọ bí ojú àgbà ṣe ń lọ, tí ìwé á kàn máa rí bàìbàì. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń lọ, lápá òsì, bí ìgbà tí ẹnìkan ń rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Dókítà ojú sọ fún un pé èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Kó máa kán oògùn kí ìyókù má baà bá a lọ, kó sì fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Ó kán oògùn. Ó tọ́jú ìgò rẹ̀ sínú ahéré oko, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò. Ní ti ọkọ̀ wíwà, ó wí fún ara rẹ̀ pé ayé ti yí padà, ọkọ̀ tó ń wo ọ̀nà fúnra rẹ̀ ti dé. Ojú díẹ̀ tó ṣẹ́kù fún òun, pẹ̀lú ojú ọkọ̀, ó tó.

Típà sún. Ọkọ̀ sún tẹ̀lé e.

Jùmọ̀kẹ́ ké. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní ọmọ ènìyàn wà níwájú, kó dúró.

"Níbo?" ni Ọlátúbọ̀sún wí.

Ó ń wo iwájú bó ṣe ń sọ ọ́. Ìdí típà ló rí, yanrìn ló rí, omi tó ń kán ló rí. Lẹ́yìn náà ni táyà òsì gun nǹkan kan, nǹkan náà sì ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bíréèkì kàn. Àwọn ènìyàn ti yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń fọwọ́ lu orí ẹ́ńjìnnì; àwọn kan ní kó padà sẹ́yìn, àwọn kan ní kó má ṣe gbìyànjú rẹ̀, kó pa ẹ́ńjìnnì.

Omidan kan ni. Ibtisam lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni ní Òkè-Ìlá. Ó ń sọdá láàárín àwọn ọkọ̀ tó dúró ni ẹrù aṣọ tó gbé lọ́wọ́ já, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣà á níwájú táyà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti na ọwọ́ sókè sí awakọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró de òun. Gbogbo ẹni tó wà ní títì ló rí ọwọ́ náà. Ọkọ̀ sì dúró lóòótọ́. Ọmọ náà rò pé òun ni wọ́n dúró dè.

Mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Akínwálé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí, ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ọlátúbọ̀sún, tó wa ọkọ̀ náà dé ilé ìwòsàn. Ọlátúbọ̀sún jókòó sẹ́yìn, orí ọmọ náà wà lórí itan rẹ̀. Ibtisam kò sunkún. Aṣọ ló ń béèrè. Ó ní ti oníbàárà ni, pé kí wọ́n má jẹ́ kó dọ̀tí. Jùmọ̀kẹ́ ti ṣà á, ó wà lórí itan tirẹ̀ níwájú, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dá a lóhùn pé aṣọ náà mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé tán, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í tu Ọlátúbọ̀sún nínú. Akínwálé ti rí bọ́tìnì ara sìtíárìn, ó ní òun kò fẹ́ràn àwọn ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Ọlọ́pàá tó wá ní irú rẹ̀ kò tíì bá òun pàdé, àmọ́ ohun tí kò ní ọpọlọ kò yẹ kó máa darí ara rẹ̀. Olúwarótìmí sunkún lórí fóònù, ó ní òun ló fà á, òun tí òun rà á. Ọlátúbọ̀sún gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, òun sì jókòó, ó ń jẹ́ kí wọ́n máa pa á.

Fúàdì, bàbá Ibtisam, dé láti ibi iṣẹ́ káfíńtà, lẹ́búlẹ́bú igi ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Dókítà mú un sí kọ̀rọ̀. Nígbà tó padà, ó sọ fún wọn pé wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ó wá jókòó ti Ọlátúbọ̀sún lórí bẹ́ǹṣì.

"Wọ́n ti sọ fún mi, Bàbá," ni ó wí. "Ẹ má pa ara yín. Ẹ̀rọ ni. Kádàrá ni."

Ọlátúbọ̀sún mọ ohun tí ọkùnrin yìí gbé lé òun lọ́wọ́. Ó fẹ́ ṣe àmín, ó ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ mìíràn ló jáde.

"Mi ò rí i."

"Ta ni ì bá rí i? Wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ ni."

Ọ̀nà tún là níwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó fẹ̀, ó tẹ́jú. Bó bá gbà á, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Ojú mi ò ríran lápá òsì mọ́. Wọ́n ti ní kí n má wakọ̀ mọ́. Ọmọ yín na ọwọ́ sí mi. Gbogbo ènìyàn rí i, èmi ò rí i."

Fúàdì dìde, ó rìn lọ sí apá òsì Ọlátúbọ̀sún, ó dúró síbẹ̀. Ọlátúbọ̀sún kò rí ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ó gbọ́ mímí rẹ̀. Ìgbà tó yí orí pátápátá ló tó rí i pé Fúàdì ti na ọwọ́ rẹ̀ sókè, gbọnrangandan, bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró.

Ọwọ́ náà wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ìyá mọ̀?" ni Fúàdì bi í.

"Rárá. Ìyàwó mi ò mọ nǹkan kan."

Jùmọ̀kẹ́ dúró lẹ́bàá ògiri, aṣọ oníbàárà ṣì wà lápá rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀.

Fúàdì gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa lọ, pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun bá wọn níbẹ̀ bí wọ́n bá gbé e jáde. Kò pariwo. Ọlátúbọ̀sún ì bá fẹ́ kó pariwo.

Wọ́n jáde. Akínwálé na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i, Ọlátúbọ̀sún kò gbà á. Ó sọ fún Jùmọ̀kẹ́ pé àgọ́ ọlọ́pàá ni òun ń lọ, ohun tí òun sọ fún Fúàdì, òun gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbẹ̀ náà. Kò sì jìnnà, ẹsẹ̀ lè gbé wọn débẹ̀.

Apá ọ̀tún rẹ̀ ni Jùmọ̀kẹ́ wà nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì. Ó dúró díẹ̀, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí apá òsì, ó sì fi apá kọ́ ọ lápá. Kò wò ó. Ó ṣe é bí ẹni tó ń tún ìró ró.

Ọlátúbọ̀sún wá rántí. Bí wọ́n bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, apá òsì yẹn ló máa ń wà. Bí wọ́n bá ń gba ọ̀nà oko. Láti òjò èṣí ni, bóyá ó ti ṣáájú òjò èṣí. Òun rò pé ọjọ́ ogbó ló mú un fẹ́ràn àtimáa fi apá kọ́ òun lápá.

"Oorun ló gbé mi lọ, Bàbá Rótìmí," ni Jùmọ̀kẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. "Kò pẹ́ rárá. Nígbà tí mo fi máa lajú wo apá òsì, ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀."

Níwájú wọn, àwọn ọkọ̀ ń kọjá, ọ̀kadà ń gba àárín wọn. Jùmọ̀kẹ́ yí ojú sí òsì. Ọlátúbọ̀sún ń wo iwájú gan-an, ó ń dúró kó sọ fún òun pé ọ̀nà ti là.