Ẹ̀wù Tó Gba Àyè Ọmọ

Ẹ jókòó dáadáa kí n ròyìn àlá tí mo lá lóru àná fún yín. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ń wọṣọ fún Ṣìjúadé, ọmọ Wúràọlá ọmọ mi, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń dúró dè wá ní òdìkejì odò, yìnyín sì ti sọ gbogbo ilẹ̀ di funfun báláú.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo gbé sọ́kàn sùn. Lánàá, Wúrà bọ́ ẹ̀wù òtútù lọ́rùn ọmọ kó tó gbé e sínú àga tí wọ́n ń dè mọ́ inú mọ́tò. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí òtútù pa á ni?" Ó ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀. Láti òní lọ, èmi ni n ó máa wọṣọ fún un." Ẹ̀yin náà wá tọ́jú ọmọ-ọmọ ni, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dun ni. Iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ wọ bàlúù láti Ìkìrun ló gbà lọ́wọ́ mi.

Àmọ́ lójú àlá, ọwọ́ mi niṣẹ́ ṣì wà. Mo wọ síńgílẹ́ẹ̀tì fún ọmọ, mo wọ súwẹ́tà lé e, mo wá gbé ẹ̀wù òtútù, èyí tó wú bí ìrọ̀rí ìyàwó tuntun. Mo fa síìpù rẹ̀ dé àgbọ̀n ọmọ. Ẹ̀wù náà bá fọhùn.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ rọra fà mí, ikùn mi kún."

Mo ní kó má bínú. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀wù tó tóbi tó yẹn, kò lè ṣàìní ohun tó fẹ́ sọ.

Mo gbé Ṣìjú sínú àga rẹ̀. Bẹ́líìtì kò fẹ́ dé ara wọn, ni mo bá fà wọ́n gùn títí wọ́n fi yí ẹ̀wù náà ká, mo sì gbọ́ tí wọ́n dún "ká". Ó le dáadáa lójú mi. Èmi ò mọ mọ́tò wà, àmọ́ mọ́tò náà ní kí n má ṣèyọnu, òun mọ ọ̀nà.

Nígbà tí a dé etí odò, kò sí afárá. Ọ́fíìsì kan ló ń léfòó lójú ọ̀run níbi tó yẹ kí afárá wà. Wọ́n fi okùn tí a fi ń sá aṣọ so ó mọ́ igi kan kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Mọ́tò gun àtẹ̀gùn, ó wọlé, ó dúró síwájú tábìlì. Ọ̀gá kan tó so táì pupa mọ́rùn jókòó síbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá," ó ní. "Ọmọ lẹ dè ni, àbí aṣọ?"

"Ọmọ ni."

"Èmi ni," ẹ̀wù náà dáhùn. Ó dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kì í ṣe ẹ̀wù tó ń purọ́.

Ọ̀gá náà mi orí. Bó ṣe ń mi orí ni irùngbọ̀n ń hù lágbọ̀n rẹ̀, tí ìwo ń yọ, tó sì di òbúkọ. Ìyá Gbádébọ̀, ẹ yé rẹ́rìn-ín. Táì náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi jáwọ́ nínú pípè é lọ́gàá.

"Ẹ di nǹkan mú," òbúkọ náà ní. "Kòtò ń bẹ níwájú."

Kòtò lójú ọ̀run o. Ọ́fíìsì já sínú rẹ̀, gbì! Ẹ̀wù òtútù mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, fììì, títí ó fi pẹlẹbẹ bí àkàrà tí epo rẹ̀ kò gbóná. Bẹ́líìtì ò kúrò níbi tí mo fi wọ́n sí, àmọ́ kò sí nǹkan kan nínú wọn mọ́. Ẹ̀ṣẹ́ mi méjèèjì lè wọ àárín bẹ́líìtì àti àyà ọmọ. Ni Ṣìjú bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde láti òkè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì forí lé ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Odò wà nísàlẹ̀. Mo mú un ní ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo mú un lẹ́sẹ̀, mo fà á padà.

"Mo sọ fún yín," ẹ̀wù náà fi ohùn tó ti tẹ́ sọ. "Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú mi. Ìyẹn ni mo fi ń móoru."

Òótọ́ ló sọ. Afẹ́fẹ́ ni mo dè. Mo bọ́ ẹ̀wù náà kúrò, ó kù kí n tún ọmọ dè, ni wọ́n bá kan ilẹ̀kùn. Òtútù ló wọlé. Arákùnrin tó ga, tó gbé báàgì òfìfo lọ́wọ́.

"Ẹ kú ilé o," ó ní. "Wọ́n ní ẹ ní ọmọ kan tí kò wọ ẹ̀wù."

"Ó ní ẹ̀wù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ ni."

"Kò burú. N ó dúró." Ó fa àga, ó jókòó, ó la ẹnu báàgì sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ ọmọ.

Mo gbọ́ ohùn Wúrà láti òdìkejì odò, ó ń pè, "Màmá, ẹ dà?" Òbúkọ fi ẹnu mú ìdí táì rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá jẹ ẹ́ tán, ilẹ̀kùn á tì, ẹ ò ní lè kọjá mọ́ nìyẹn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Mi ò lè bínú sí i, ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ló wà.

Ọ̀rọ̀ náà wá di méjì fún mi. Tí mo bá wọ ẹ̀wù fún ọmọ, kòtò á gbà á. Tí mo bá bọ́ ọ, báàgì á gbà á. Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá bàjẹ́, èmi kì í sáré. Bí mo ṣe kọ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe nìyẹn, kò sẹ́ni tó kọ́ mi, mo kàn máa ń tú u, máa wò ó títí ó fi máa jẹ́wọ́. Mo wo àga ọmọ náà. Mo wo ibi tí bẹ́líìtì ti yọ léjìká, mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó yọ bí apá, mo fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀.

Mo bi í pé, "Kí lo jẹ́ gan-an?"

"Ẹ̀yìn ni mí," àga náà dáhùn. "Ẹ̀yìn lásán. Ẹ̀yìn tí kò ní ìyá."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì di àgbàlá wa ní Ìkìrun. Ọyẹ́ ń fẹ́. Ìyá mi, tó ti lọ tipẹ́, dúró lẹ́bàá ìkòkò omi, ó sì kí òbúkọ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n rí.

"Àṣàkẹ́," ó ní, "pọn ọmọ kí á lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Torí ọyẹ́, mo kọ́kọ́ ká ìborùn tó nípọn sẹ́yìn ara mi, kí ọmọ lè gun orí rẹ̀. Ìyá mi gbá mi lọ́wọ́.

"Kí nìyẹn ń wá níbẹ̀? Ẹ̀yìn rẹ ló ń tutù ni, àbí ọmọ?"

"Òtútù ń mú un, Ìyá mi."

"Tí o bá ki aṣọ sáàárín, ṣé kò ní yọ̀ bọ̀rọ́? Ọmọ lẹ́yìn, ọ̀já lára ọmọ, ìborùn lórí ọ̀já. O pọn ìyá ọmọ yìí bẹ́ẹ̀ dàgbà. Ṣé torí pé o wọ bàlúù lo ṣe gbàgbé?"

Nígbà tí mo nàró, inú ọ́fíìsì ni mo tún wà. Ọ̀gá ti jẹ táì rẹ̀ dé àyà. Mo gbé ọmọ sínú àga pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́lẹ́ lára rẹ̀, mo ti ìdí rẹ̀ wọlé kó fara ti ẹ̀yìn dáadáa. Mo da ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ padà, mo dé fìlà onírun fún un. Mo tẹ́ bẹ́líìtì léjìká rẹ̀ kó má lọ́, mo fà á bí ẹni ń fa ọ̀já, mo gbé ìdè kékeré tó wà láyà sókè dé ọ̀gangan abíyá. Mo wá fi ìka méjì gbìyànjú láti ká bẹ́líìtì náà léjìká, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ já ẹni léèékánná. Kò ká. Ìka mi yọ̀ kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ẹ̀wù òtútù. Mo yí i padà, mo tẹ́ ẹ lé àyà ọmọ lórí bẹ́líìtì, mo ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ apá ẹ̀wù láti iwájú.

"Ẹ wọ̀ mí sódì, Màmá," ẹ̀wù ní. "Kí ni aráyé máa sọ?" Ó wo ọmọ lójú. "Ojú rẹ̀ rèé? Láti ọjọ́ tí mo ti wà lára ọmọ yìí, ìta ni mo ń wò."

Òtútù dìde, ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, ó wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ọwọ́. Ó pa ẹnu báàgì rẹ̀ dé. "Kò sí àyè fún mi níbí," ó ní. Ó kí mi kó tó lọ. Ọmọ dáadáa ni.

Òbúkọ fi pátákò tẹ tábìlì, ìyókù táì ń mì lẹ́nu rẹ̀. Okùn já, ọ́fíìsì sún kọjá odò. Mo rí Wúrà tó na ọwọ́ méjèèjì. Kí n tó gbé ọmọ fún un, mo jí.

Òtútù ló jí mi. Ẹ gbọ́, ìborùn mi wà lábẹ́ mi, mo ti fi ara rún un, kò sì sí nǹkan kan lórí mi. Mo fà á yọ, mo dà á bo ara mi, kò pẹ́ tí mo fi móoru.

Nígbà tí Wúrà ń jẹun lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, mo ti gbé Ṣìjú lọ sínú mọ́tò. Ó sáré jáde pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, ó ti na ọwọ́ láti bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ. Ẹ̀wù kò sí lọ́rùn ọmọ. Orí bẹ́líìtì ló wà, sódì, Ṣìjú sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ lù ú.

Wúrà gbé ẹ̀wù sókè, ó fi ìka méjì kan bẹ́líìtì léjìká ọmọ. Ó gbìyànjú láti ká a. Ó tún gbìyànjú lápá kejì. Ó da ẹ̀wù padà sípò, ó wò mí.

"Ta ló kọ́ yín, Màmá?"

"Ìyá mi ni."

Kò bi mí bí ìyá mi, tó jẹ́ pé ìta nìkan ló ti ń wo mọ́tò, ṣe mọ̀ ọ́n. Ó gbé búrẹ́dì mì, ó wọ mọ́tò, ó ṣí fèrèsé díẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí n bá yín jà lọ́la o," ó ní. "Kẹ́ ẹ ti wọṣọ fún un kí n tó jí."