Ẹyẹ Tó Ń Pe Àwẹ̀ró

Ẹyẹ tí ìyàwó mi jogún kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ìyá Mojọlá kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń du aṣọ òkè àti iyùn, odídẹrẹ́ ìyá nìkan ni Mojọlá ìyàwó tèmi ní òun fẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé ẹyẹ sínú ọkọ̀ títí dé Wàrí, tó ń yàgbẹ́ sí mi lẹ́yìn ọrùn.

Ogunu ní Wàrí là ń gbé. Iléeṣẹ́ epo ló gbé mi láti Èkó wá síbẹ̀, owó sì ń wọlé nígbà náà débi pé ẹlòmíì lè ra ẹ̀rọ amúlétutù fún ajá rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó kò lè rí ẹni tí yóò pe ìyàwó mi ní Àwẹ̀ró. Madam ni wọ́n ń pè é lọ́jà, Mama Ẹ̀bùn ni mo ń pè é nílé. Ẹ̀bùn ọmọ wa fúnra rẹ̀, bí a bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Pijin ni yóò fi dáhùn. Ìyá Mojọlá nìkan ló ń fi oríkì pè é, ó sì ti pẹ́ kí ìyá tó kú tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Ọdọọdún la máa ń ránṣẹ́ sílé pé, "Kérésì yìí ni, Màmá." Tó bá di Kérésì, iṣẹ́ epo kò ní jẹ́ ká lọ.

Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, mo pè é ní Àwẹ̀ró. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Dádì Ẹ̀bùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Kò bá ẹnu yín mu."

Ó bá ẹnu ẹyẹ mu. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé Wàrí, ohùn ìyá jáde láti inú àgò, tòun ti ikọ́ kékeré tó máa ń ṣáájú rẹ̀: "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o!" Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Mojọlá. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ki ọmọ Yorùbá, a kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ó sáré rẹ búrẹ́dì sínú tíì tó kún fún ṣúgà àti mílíìkì, ó sì fi sí i lẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, bí ẹyẹ bá ti lanu pè é báyìí, búrẹ́dì ti dé, kì í sì í parí ọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó kún. Ẹyẹ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ń pè é ṣáá.

Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ìyẹ́ rẹ̀ ru, ó ń mi orí, ó ń bì, ẹnu rẹ̀ sì ń rùn bí ògì tó kan jù. Mojọlá jókòó tì í, kò jẹ, kò mu.

"Ikú Màmá ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé," ó wí.

A gbé ẹyẹ lọ sọ́dọ̀ Dókítà Obadiah, tó ń tọ́jú ẹranko ní Ẹkẹtẹ. Ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu rẹ̀. Nǹkan funfun ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó ha díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì yíjú sí wa.

"Madam, wetin you dey give am chop?"

"Bread and tea."

"With sugar?"

"Plenty," ni mo yára dáhùn, torí èmi ló ń ra ṣúgà.

Ó ṣàlàyé fún wa pé ìwúkàrà ló hù sí ẹyẹ lẹ́nu títí dé ọ̀fun, ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì wú, ṣúgà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ó fún wa ní oògùn olómi tí a ó máa kán sí i lẹ́nu kó tó jẹun. Ó ní kí a máa fi omi gbígbóná fọ abọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́.

"No sugar, no milk, no bread. If you pity am, you go kill am."

Mojọlá sunkún nínú ọkọ̀. "Tí mi ò bá fún un ní nǹkan kan mọ́, ṣé á tún pè mí?"

Èmi ni mo ń fi tówẹ̀lì di ẹyẹ mú, òun ló ń kán oògùn. Àpá ìgéjẹ rẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò mi. Ẹyìn ọ̀pẹ àti àgbàdo tútù ló kù fún un láti jẹ. Funfun náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀, kò bì mọ́, ṣùgbọ́n kò fọhùn. Ìyàwó mi á rọra kọjá níwájú rẹ̀, á dúró, á tún kọjá. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé èmi tí n kò fẹ́ràn ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ níkọ̀kọ̀: "Jọ̀ọ́, pè é."

Lọ́jọ́ Sunday kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ń jẹun lọ́wọ́, ni a gbọ́ ikọ́ kékeré kan ní igun pálọ̀.

"Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró o!"

Mojọlá ti fò dìde tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́ kó tó rántí. Ó dá a padà sórí tábìlì. Ó dúró níwájú àgò, kò mọ ohun tí ì bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó wá kúnlẹ̀, bí ọmọbìnrin ti ń kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Mo ń gbọ́, Màmá."

Ẹyẹ yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí búrẹ́dì tó dí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ó fi ohùn ìyá parí ọ̀rọ̀ tí a kò jẹ́ kó parí rí nílé wa, bó ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ní Ìjẹ̀bú-Igbó:

"Àwẹ̀ró o! Ìgbà wo lo ń bọ̀ wálé?"

Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Ìyàwó mi kò dìde lórí eékún rẹ̀.

"Kérésì yìí ni, Màmá," ó dá a lóhùn.