Ìtàn Ẹgbẹ́ Rọ́gíbì Tí Dókítà Hakim Kọ

Zakirou rí Dókítà Hakim tó ń wọ àgbàlá wọn bọ̀ ní Goro. Ojú ẹ rèé! Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ rọ́gíbì sílẹ̀ níléèwé ìṣègùn, Hakim ò sì wá kí i rí láti ìgbà tí Zakirou ti fi iléèwé sílẹ̀. Ìtàn ẹgbẹ́ náà ló ń kọ báyìí, fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n yà ló sì wá gbà, torí ọwọ́ Zakirou nìkan ló wà.

"Kà á sí mi létí ná," ni Zakirou wí.

Hakim kà á. Ó yin ara rẹ̀, ó yin àwọn ọ̀gá, ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kankan ò fara pa rí.

Ẹ gbọ́ irọ́! Ọwọ́ ọ̀tún Zakirou tó kàn ń fì dirodiro yìí ńkọ́? Orí pápá ni wọ́n ti wó lù ú tí iṣan ọrùn rẹ̀ tó ń mú ọwọ́ náà ṣiṣẹ́ já. Ṣùgbọ́n ìwé tí iléèwé fi lé e wálé sọ pé ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Láti ọjọ́ yẹn, olódo ni wọ́n ń pè é ní Goro, bàbá rẹ̀, Baba Issiaka, tó jókòó tó ń ṣa kajú lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ló sì kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé rọ́gíbì ló lé mi kúrò níléèwé. Ìlà kan péré."

"Ṣé kí wọ́n tú ẹgbẹ́ ká ni? Màá fi orúkọ rẹ ṣáájú gbogbo wa gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀. D'accord, o gbà?"

"Kí n fi ṣe kí ni? Ìwọ tó o jẹ́ ọ̀gá wa lórí pápá, tó o ní kí n dìde, kí n padà sínú eré!"

Inú bí Hakim. "Ẹ̀n, mo ní kó o dìde! Ṣé mo mọ̀ pé iṣan rẹ ti já ni? Ṣé èmi ni mo ní kí iléèwé purọ́ pé o ò yege?"

Ó panu mọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Baba Issiaka ti dìde.

"Dókítà, jáde nílé mi."

"Tonton, bàbá mi, ẹ má bínú..."

"Mo ní jáde!"

Hakim lọ láìmú fọ́tò. Baba Issiaka dúró síwájú ọmọ rẹ̀, ó ń pòṣé.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Zakirou wò ó tìkà-tìkà. Kò tíì bínú sí Hakim tó bó ṣe ń bínú sí bàbá rẹ̀ yìí.

"Mo sọ, Baba. Lọ́jọ́ tí mo dé. Ẹ ní irọ́ ni, ẹ na àdá sí mi, ẹ ní kí n máa lọ sóko. Ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á."