Àgbàdo Ìyá Misturat

"Buwọ́ lù ú, Mọ́ládé. Lọ́rì ń lọ sí Ilero lọ́la."

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i lórí tábìlì. Òun ni mánéjà Irè-Ọ̀pọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ilé-iṣẹ́ tó ń fún àwọn àgbẹ̀ ní irúgbìn àti ajílẹ̀, tó sì ń ra àgbàdo wọn bó bá gbó. Mọ́ládé ni aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Ilero. Òun ló ń gun ọ̀kadà lọ bá wọn lóko, òun ló mọ orúkọ tọmọ tìyàwó wọn. Ohun tí wọ́n ní kó buwọ́ lù ni pé Ìyá Misturat yẹ àdéhùn, pé ó gbin àgbàdo rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ dá, nítorí náà ìdajì owó ni wọn yóò fi ra tirẹ̀.

"Àáró ni wọ́n ń ṣe, sà," ni Mọ́ládé wí. "Gbogbo wọn á kó ara wọn lọ gbin oko ẹnì kan, wọ́n á tún lọ sí ti ẹlòmíràn. Obìnrin yìí ló kàn kẹ́yìn. Opó ni. Ó bá gbogbo wọn gbìn tán kó tó kan tirẹ̀."

"Àdéhùn wa ò mọ àáró."

"Èmi ni mo ka àdéhùn yẹn sí wọn létí. Kí n tó kà á ni mo bi yín bóyá àáró ò ní dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ ní kò séwu."

Mánéjà rẹ́rìn-ín. "Mo ní bẹ́ẹ̀? Ta ló wà níbẹ̀?"

"Àgbàdo ọ̀hún gbẹ, sà! Èmi fúnra mi ni mo fi ẹ̀rọ wò ó. Ilé ìkẹ́rù kan náà lẹ máa dà á sí pẹ̀lú ti àwọn yòókù, iye kan náà lẹ sì máa tà á. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ owó opó lẹ fẹ́ gé?"

"O ti fẹ́ràn àwọn ará oko yìí jù. Ṣé àwọn ló ń san owó oṣù rẹ ni?"

Mọ́ládé gbàdúrà sínú pé kí Olúwa ṣọ́ ẹnu òun. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú bàtà òjò rẹ̀ níbẹ̀, torí òun ló fowó ara rẹ̀ rà á. Ẹ̀wù òjò tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ sí lẹ́yìn, ó fi ìyẹn sílẹ̀ lórí ìṣó.

"Ẹ wá ẹlòmíràn tó máa buwọ́ lù ú, sà. Mo ti fiṣẹ́ yín sílẹ̀."

Ṣèyí ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nígbà tó gbọ́. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"O ò lè ní sùúrù díẹ̀?"

"Kí n fi sùúrù buwọ́ lù ú, àbí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Kí lo wá fẹ́ máa ṣe?"

"Iṣẹ́ tí mo mọ̀ náà ni. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ni mo fẹ́ máa bá ṣe é. Màá máa gbà wọ́n nímọ̀ràn lórí irúgbìn, lórí àdéhùn, lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n tajà fún. Mi ò ní sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan."

"Kọ́ńsọ́tántì!" Ṣèyí bú sẹ́rìn-ín. "Kọ́ńsọ́tántì elérùpẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Nígbà tó yá, ó rọra béèrè pé, "Ta ni oníbàárà rẹ?"

Mọ́ládé lọ gbé bàtà òjò rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà de ọ̀la.

Nígbà tó dé Ilero lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti ń di àpò sínú lọ́rì. Ti Ìyá Misturat nìkan ló wà nílẹ̀ lábẹ́ igi òrí, lọ́tọ̀ bí ẹrù ẹni tó jalè. Obìnrin náà jókòó lé e lórí.

"Ẹ káàbọ̀ o, aṣojú ilé-iṣẹ́. Ṣé ẹ wá wo ìdajì èèyàn tí ẹ sọ mí dà ni?"

"Ìyá Misturat, mi ò sí lọ́dọ̀ wọn mọ́."

"Wọ́n lé yín?"

"Èmi ni mo kúrò."

"Ta ní ń fi owó oṣù sílẹ̀ láyé ìsinsìnyí?" ni Ọ̀ṣẹ́nì, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, wí. "Ẹ yáa jẹ́wọ́ ohun tí ẹ jí gbé níbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí Mọ́ládé náà rín.

Baba Ládòkun, olórí àáró wọn, ò rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ò bá sí lábẹ́ wọn mọ́, lábẹ́ ta lẹ wà?"

Mọ́ládé kúnlẹ̀. "Lábẹ́ Ọlọ́run, sà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè máa ṣiṣẹ́ fún yín. Bí ìmọ̀ràn mi ò bá dáa, kí ẹ lé mi."

"Ẹ gbà wá ní ọ̀kan ká gbọ́."

Mọ́ládé mọ̀ pé bí èyí bá forí ṣánpọ́n, kò sẹ́ni tó máa pe òun mọ́ láti Ilero títí dé Kisi.

"Ẹ má tà. Lónìí yìí, bí wọn ò bá ra ti Ìyá Misturat ní owó pípé, kí ẹnikẹ́ni má tà. Bí tiyín bá ti lọ, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn Ìyá Misturat mọ́. Mi ò lè búra pé wọ́n máa gbà o. Wọ́n lè wa lọ́rì wọn lọ."

"Àwọn ọmọ mi ń dúró de owó yìí," ni Ọ̀ṣẹ́nì wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀. "Mọ́ládé! Ta lo ń ṣojú fún níbí?" Ó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ ohun tí ò ń sọ fún wọn. O ti di kọ́ńsọ́tántì nìyẹn. Èmi náà lè gbà ọ́ bẹ́ẹ̀, owó rẹ á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bá mi pàrọwà sí àwọn èèyàn yìí, ká máa lọ."

"Mo ti níṣẹ́ lọ́wọ́, sà."

Kò sẹ́ni tó tíì gbà á síṣẹ́. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Baba Ládòkun gbójú sókè sí àwọn tó wà lórí lọ́rì. "Ẹ sọ tèmi kalẹ̀."

"Baba, tiyín ò níṣòro o," ni mánéjà sáré wí. "Owó pípé ni."

"Mo ní ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Òjò ló pa èmi àti obìnrin yìí pọ̀ lórí ebè tí mo ti kó o. Ẹ̀yin ń dá ọjọ́ ní Ìsẹ́yìn, ó ń fi ẹ̀yìn tó ń ro ó gbin oko mi. Ṣé mo máa wá gba owó pípé lójú ẹ̀?"

Àpò tirẹ̀ bọ́ sílẹ̀, gbì! Ẹlòmíràn ní kí wọ́n sọ tòun náà. Ó wá kan Ọ̀ṣẹ́nì. Ó tutọ́, ó bú mánéjà, ó bú Mọ́ládé mọ́ ọn, ó wá gun lọ́rì lọ fọwọ́ ara rẹ̀ ti àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣì máa pè mí," ni Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ wí. Lọ́rì náà lọ ní òfìfo, eruku pupa bo gbogbo wọn.

Ìyá Misturat ò dúpẹ́. Ó dìde lórí àpò rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run tó ti ń ṣú, ó wá wo Mọ́ládé.

"Bí òjò bá pa àgbàdo yìí, ilé yín la máa kó o wá."

"Ẹ kó o wá, mà." Mọ́ládé bẹ̀rẹ̀, ó di etí àpò kan mú. Obìnrin náà di èkejì mú, wọ́n gbé e nílẹ̀.

"Ibo la fẹ́ gbé e sí báyìí?" ni Mọ́ládé béèrè.

"Ẹ̀yin lẹ ń bi mí? Àwa la gbà yín síṣẹ́. Ẹ sọ fún wa."