Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀

Ẹ má wulẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Àfọwọ́fà ni.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yan ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń kọ́ ilé ìwòsàn. Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni o! Ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun, òjé gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ kí ìtànṣán má bàa jáde. Ti yàrá iṣẹ́ abẹ, ìgúnpá ni dókítà fi ń ṣí i. Ti àwọn tí ọpọlọ wọn ń dà láàmú, kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun tí èèyàn lè so okùn mọ́. Tí mo bá ti dé ibi iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ á ní, "Baba Ilẹ̀kùn ti dé o!" Orí mi á sì wú.

Nígbà tá à ń parí wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nìkan ló kù. Ó yẹ kó lè ṣí síta, torí bí arúgbó bá ṣubú sẹ́yìn ẹ̀, ta ló máa ráyè tì í wọlé? Mo mọ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyẹn, pé mo mọ̀. Àmọ́ àgbékọ́ tó ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí sínú kó tún ṣí síta kò tíì dé, ọ̀gá tó ń kọ́lé sì ti ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ fi ilẹ̀kùn ilé lásán sí i jàre. Balùwẹ̀ náà ṣáà ni." Balùwẹ̀ náà ṣáà ni! Ẹ gbọ́ ẹnu mi.

Kò pẹ́ tí wọ́ọ̀dù ṣí ni ẹsẹ̀ Màmá wú, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì dá a dúró sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ kí i, ó ní òun fẹ́ bọ́jú, ó wọ balùwẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, mò ń tẹ fóònù. Mo kàn gbọ́ gbì!

"Màmá?"

Kò dáhùn. Mo ti ilẹ̀kùn, ó ṣí díẹ̀, ó dúró. Mo fi èjìká tì í.

"Yéè! Apá mi o!"

Mo fò sẹ́yìn. Ó ti nà gbalaja sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò lè dìde. Tí mo bá tì í, apá ìyá mi ni mò ń fi pákó rún. Tí mi ò bá tì í, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Irọ́ ni! Èmi ni mo dà á, ìyá mi ló tọ̀.

Nọ́ọ̀sì sáré dé. "Ẹ yọ àgbékọ́ ẹ̀, ká gbé e kúrò!"

"Inú lọ́hùn-ún ló wà," ni mo wí.

"Ta ló tiẹ̀ fi irú ilẹ̀kùn yìí síbí? Ṣé orí onítọ̀hún pé ṣá?"

Màmá ló fọhùn látinú balùwẹ̀: "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Mo ti dí yín lọ́wọ́." Ìyá mi ló ń bẹ̀bẹ̀! Ó ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Káfíńtà ilé ìwòsàn gbé ayùn dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ òkè ilẹ̀kùn. Pákó náà le, èmi náà ni mo ní kí wọ́n lo èyí tó le. Ohùn Màmá sì ń rẹlẹ̀.

"Màmá, ẹ má sùn o! Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ?"

"Ẹ bú mi."

"Kí lo ṣe tí màá fi bú ẹ?"

Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: "Èmi ni mo yan ilẹ̀kùn yìí, Màmá. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì ní kí wọ́n fi síbẹ̀."

Káfíńtà dáwọ́ dúró. Nọ́ọ̀sì wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹ máa rẹ́ ẹ lọ!" ló pariwo mọ́ káfíńtà.

Nígbà tí ihò òkè ilẹ̀kùn tó èèyàn gbà, nọ́ọ̀sì gba ibẹ̀ wọlé, ó fa Màmá kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Orí Màmá ti fọ́, apá ẹ̀ ti kán. Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, mo di ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mú, mò ń sunkún bí ọmọdé.

"Mélòó irú ilẹ̀kùn yẹn lo fi síbí?" ni Màmá bi mí.

"Gbogbo balùwẹ̀ wọ́ọ̀dù yìí ni."

Kò bú mi. Ó kàn fi ọwọ́ kan tó ṣì dáa yọ ìka mi kúrò lára bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá tó wà ní yàrá kejì máa ń wẹ̀ lásìkò yìí," ló wí. "Fi mí sílẹ̀. Sáré lọ bá a."