Ṣọ́ọ̀kì Mẹ́ta

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Ọmọbìnrin tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ ní ìṣirò, tí mo sọ ní Kílódé nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ kì í tán, òun ni wọ́n gbé wá ṣe ọ̀gá ilé-ìwé lé mi lórí. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, tíṣà kan yóò máa kọ́ àwa yòókù. Àwa yóò jókòó sórí àga àwọn ọmọ, a ó sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí. Ó ní ibẹ̀ lòun yóò ti mọ ẹni tí yóò di kíláàsì àṣekágbá mú lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi tí mo ti di kíláàsì yẹn mú fún ọdún méjìlélógún!

Mo délé, mo ju báàgì sílẹ̀. "Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," mo sọ fún ọkọ mi.

Kò gbójú sókè níbi tó ti ń lọ aṣọ. "Òótọ́ ni. Àkísà tìrẹ yẹn, ìgbà wo lo fọ̀ ọ́ kẹ́yìn?"

Mo wọ yàrá, mo sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà.

Kílódé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ni. Ìwé kíkà ló kọ́ wa. Orúnkún mi ń gbá igi àga, ìyẹn tún dá kún ìbínú mi, mo sì ń fi ìka ọwọ́ ka àṣìṣe rẹ̀. Bó ṣe parí, mo dìde. "Ìbéèrè mọ́kànlá lẹ bi wá, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ dáhùn mẹ́sàn-án. Kí la wá wá ṣe?"

Àwọn yòókù ń wolẹ̀. Ó fa ìwé kékeré kan yọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ ṣé, mà," ó wí.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀kọ́ kan náà ló tún kọ́. Mo tún rí àléébù, ó tún kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo wá àṣìṣe títí, n kò rí. Ìyẹn ló bí mi nínú jù.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló kàn mí. N kò múra nǹkan kan sílẹ̀. Ta ní ń kọ́ ẹja ní ìlúwẹ̀ẹ́? Mo kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé kí wọ́n fi ìdajì pín mẹ́ta. "Ẹ dojú ìdajì dé, ó di méjì. Ẹ wá sọ mẹ́ta di ìlọ́po méjì. Mẹ́fà! Ó parí."

Kílódé nawọ́ láti ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tá a fi ń dojú ẹ̀ dé? Ẹ ní ká pín mẹ́ta, ó tún wá ń pọ̀ sí i."

Ohùn mi bú jáde kí n tó mọ̀: "Bọ́ síta!"

Ọ̀gá ilé-ìwé dìde, ó jáde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì, ó kẹ̀yìn sí kíláàsì. Ibẹ̀ náà ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ìbéèrè yìí gan-an ló bi mí, ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ní kó dúró sí títí aago ìparí fi lù. N kò rántí, àfìgbà tí mo rí ẹ̀yìn orí rẹ̀ lójú fèrèsé.

Ìbínú mi ò lọ, ó kàn kọjú sí èmi fúnra mi ni. Ọmọ mélòó ni mo ti lé síta nítorí ohun tí èmi alára ò mọ̀? Mo jáde lọ bá a.

"Ẹ wọlé. N ò mọ ìdí ẹ̀. N ò mọ̀ ọ́n rí."

"Kò burú, mà. Ẹ tún un kọ́ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀."

"Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ sọ ọ́, nígbà náà!"

"Ó tì o. Ẹ̀yin lẹ máa wá a."

Orí mi tún gbóná.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ọkọ mi di ọmọ kíláàsì ní pálọ̀. Mo yàwòrán, kò yé e. Mo gé okùn, mo ṣì í gé. Ó ń bi mí ní "kí ló dé" títí ó fi kù díẹ̀ kí n sọ bàtà lù ú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo mú ṣọ́ọ̀kì mẹ́ta, mo dá ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. "Ìdajì mélòó ló wà nínú mẹ́ta?" Wọ́n kà á, ó pé mẹ́fà. Ọdún méjìlélógún ni ṣọ́ọ̀kì fi ń kán mọ́ mi lọ́wọ́ lójoojúmọ́, tí mò ń bú u.

Kílódé dìde. "Ó yé wa, mà. Ṣùgbọ́n ẹ kẹ̀yìn sí wa nígbà tẹ́ ẹ̀ ń dá a, àwa tá a wà lẹ́yìn ò rí i. Kẹ́ ẹ tó gba kíláàsì àṣekágbá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ tún un kọ́."

Mo wò ó bíi kí n gbá a létí. Mo fa ìwé kékeré tí mo rà lánàá yọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ẹ ṣé, mà," mo wí.